Ìlù Wa Tí Ó La Òkun Kọjá

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì mi ni ó mú mi gbé kálámù lónìí. Ọmọ onílù ni. Ó ń fi ìka lu tábìlì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé alágbe ni bàbá rẹ̀. Ojú ti ọmọ náà, ó kó ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ tábìlì.

N kò na ẹnikẹ́ni. Mo yọ fóònù mi, mo fi orin kan tí à ń pè ní "Jingo" sí i. Ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan ní Amẹ́ríkà, Santana, ni ó gbé e jáde. Ní 1969 ni àwo ńlá wọn àkọ́kọ́ jáde, "Jingo" sì ni wọ́n kọ́kọ́ yọ nínú rẹ̀ fi ṣe àwo kékeré. Àwo kékeré náà dé ipò 56 ní Amẹ́ríkà. Àwo ńlá náà tà gan-an, ó dé ipò kẹrin.

Mo bi wọ́n pé, "Ta ló ni orin yìí?" Wọ́n ní, "Òyìnbó ni, sà."

Mo ní rárá o! Babatúndé Ọlátúnjí ló ni ín, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, tí a bí ní 1927. Ó lọ kàwé ní Morehouse College, Atlanta, ní 1950. Ní 1960 ni àwo rẹ̀, Drums of Passion, jáde, orin náà sì wà nínú rẹ̀. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ ìlù àti ijó sílẹ̀ ní Harlem, kó tó kú ní 2003. "Bí àlejò kò bá tijú ìlù wa, kí ló dé tí ẹ̀yin fi ń tijú rẹ̀?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọmọ Ìlobùú àti ọmọ Ifọ̀n-Ọ̀ṣun ló wà ní kíláàsì yìí. Láti ìgbà ìjà ilẹ̀ 2025, wọn kì í fẹ́ jókòó pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ onílù náà tún lu tábìlì, ọmọ Ifọ̀n kan gbè é, ọmọ Ìlobùú kan sì tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín máa lù ú. Ìlù tí ó la òkun kọjá, ṣé ààlà oko ni kò ní lè là kọjá?