Àròkọ Aṣàlàyé: Iná Mànàmáná àti Ara Tí Ó Rọ

Bí a bá fún ọ ní irú orí-ọ̀rọ̀ yìí nínú ìdánwò, má ṣe sáré lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Kọ́kọ́ sọ ohun tí ó bàjẹ́ nínú ara, kí o tó sọ ohun tí iná ń ṣe sí i. Bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ nìyí.

Okùn kan wà nínú ihò eegun ẹ̀yìn wa tí ó ti inú ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ wá. Ibẹ̀ ni àṣẹ ọpọlọ ń gbà dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ìròyìn ìrora, ooru àti òtútù ń gbà padà lọ bá ọpọlọ. Bí ènìyàn bá jábọ́ láti orí ọ̀pẹ, tàbí tí ọkọ̀ dànù, tí eegun ẹ̀yìn sì ṣẹ́ tí ó pa okùn yìí lára, àṣẹ kò ní lè kọjá ibi tí ó ti já. Bí ó bá jẹ́ ní ọrùn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni yóò rọ. Bí ó bá jẹ́ nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ nìkan ni. Ṣùgbọ́n ṣàkíyèsí pé ẹran itan náà kò kú. Fọ́nrán tí ó ti ara okùn náà lọ sínú ẹran kò sábà kú pẹ̀lú. Ó dà bí ìgbà tí igi wó lu wáyà iná láàárín ìlú méjì. Gílóòbù inú ilé kò bàjẹ́, wáyà inú ilé kò já. Iná ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí a bá gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré wá sí ẹnu ọ̀nà, gílóòbù yóò tàn.

Ọgbọ́n jẹnẹrétọ̀ yìí ti pẹ́. Luigi Galvani, ará Bologna ní Ítálì, rí i pé bí iná bá kan ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tí ó ti kú, ẹsẹ̀ náà a máa tàpá. Ó kọ ọ́ jáde ní ọdún 1791. Ní 1961, Wladimir Liberson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ṣe ohun tí ó wúlò fún àwọn tí ẹ̀gbà ti mú ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Wọ́n fi bọ́tìnnì sí abẹ́ gìgísẹ̀ bàtà. Bí gìgísẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀, iná yóò wọ ojúgun, yóò sì gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè kí ó má baà máa wọ́ nílẹ̀.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ti Nan Davis, akẹ́kọ̀ọ́ ní Wright State University ní ìlú Dayton, ẹni tí jàǹbá mọ́tò pa ẹ̀yìn rẹ̀ lára ní 1978. Jerrold Petrofsky so kọ̀ǹpútà mọ́ àwọn ohun pẹlẹbẹ tí a ń lẹ̀ mọ́ awọ itan, kí iná lè máa wọlé ní ìtẹ̀léra. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1982, ọmọbìnrin yìí gbé ìṣísẹ̀ díẹ̀. Ní 1983, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́. Wọ́n tilẹ̀ fi ìtàn rẹ̀ ṣe eré orí amóhùn-máwòrán ní 1985.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣì sọ nìyí. Bí o bá kọ ọ́ pé wọ́n ti wo arọ sàn, irọ́ ni, ó sì jẹ́ irú irọ́ tí ń ba ọkàn aláìsàn tí ó bá gbà á gbọ́ jẹ́. Okùn tí ó já kò so padà. Bí a bá ti pa ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ a padà rọ.

Kí ló dé tí a kò fi tan iná náà sílẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́? Nígbà tí ọpọlọ bá ń pàṣẹ, ó ń pín iṣẹ́. Àwọn kéékèèké tí kì í tètè rẹ̀ nínú fọ́nrán ẹran ni ó kọ́kọ́ ń pè, wọn a sì máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn bí àwọn alábàárù tí ń gba ẹrù rù. Iná kò mọ ìyẹn. Àwọn ńláńlá tí ó lágbára ṣùgbọ́n tí ó tètè ń rẹ̀ ni ó sábà ń jí, gbogbo wọn a sì fà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí ẹni tí yóò gbà wọ́n sílẹ̀. Kò pẹ́, itan a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, agbára a tán. Síbẹ̀ ó ní èrè: ẹni tí ó bá ń fi irú iná yìí wa kẹ̀kẹ́ ìdárayá, ẹran itan rẹ̀ kò ní rù tán.

Fọ́nrán inú ẹsẹ̀ ni iná ń jí, kì í ṣe ẹran gan-an. Bí fọ́nrán bá ti kú, wáyà inú ilé ni ó jóná yẹn, jẹnẹrétọ̀ kò sì ní rí nǹkan tàn. Ìdí nìyí tí kò fi fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹsẹ̀ tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti pa.

Ìrìn ni àwa tí ara wa dá máa ń pàtẹ́wọ́ fún. Nígbà tí a bi àwọn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn rọ léèrè nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2004, ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ṣíwájú. Ta ni kò ní fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ? P. Hunter Peckham àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Cleveland ṣe ẹ̀rọ kan tí a ń pè ní Freehand: a ó fi iṣẹ́ abẹ gbé e sínú àyà, wáyà mẹ́jọ yóò lọ sínú ẹran apá àti ọwọ́. Bí aláìsàn bá mi èjìká kejì, àtẹ́lẹwọ́ a pa dé, a gbá ṣíbí tàbí gègé mú. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1997. Àwọn tí ó lé ní 200 ni wọ́n fi í sí lára, kí ilé-iṣẹ́ tí ń tà á tó kó o kúrò ní ọjà ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ o. Èrè ni kò tó. Èmi ka èyí sí ohun ìbànújẹ́ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Lónìí, àwọn kan ti ń darí iná sí okùn ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, nísàlẹ̀ ibi tí ó ti bàjẹ́. Grégoire Courtine àti Jocelyne Bloch ní ìlú Lausanne ní Switzerland fi í ran àwọn mélòó kan lọ́wọ́ láti rìn ní 2018. Ní 2023 wọ́n so ọpọlọ ọkùnrin kan mọ́ okùn ẹ̀yìn rẹ̀ nípasẹ̀ kọ̀ǹpútà, kí èrò ọkàn rẹ̀ lè máa pàṣẹ fún ẹsẹ̀. Ti ọwọ́ náà ti ń bọ̀: ní ìparí 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ kan tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọrùn láìsí iṣẹ́ abẹ. Nínú ènìyàn 60 tí wọ́n fi dán an wò, 72 nínú ọgọ́rùn-ún ni agbára àti ìlò ọwọ́ wọn sunwọ̀n sí i. Àwọn tí okùn wọn kò já tán ni a ṣe é fún.