Àlìkámà: Bí Purotéènì Ṣe Ń Sọ Iye Tí Àgbẹ̀ Máa Gbà

Àgbẹ̀ méjì lè gbé àlìkámà lọ sí àká ńlá kan náà ní ìpínlẹ̀ North Dakota ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ kan náà, kí ọkà àwọn méjèèjì mọ́, kó gbẹ, kí wọ́n sì fi Ipò Kìíní lé méjèèjì. Síbẹ̀, owó ọ̀kan á ju ti èkejì lọ. Ojú lásán kò lè rí ohun tó fà á, nítorí inú ọkà ló wà: purotéènì ni. Ìlànà ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fi ipò lé àlìkámà ń wo bí ọkà ṣe wúwo tó, èyí tó bàjẹ́, èyí tó ṣẹ́ àti ìdọ̀tí tó wà nínú rẹ̀. Kò ka purotéènì mọ́ ọn. Àwọn olùrà ló ń fi owó tirẹ̀ lé e.

Kí ni àwọn tó ń lọ ìyẹ̀fun ń fi purotéènì ṣe? Bí omi bá kan ìyẹ̀fun àlìkámà, tí a sì pò ó dáadáa, purotéènì yìí á so pọ̀, á máa fà bíi rọ́bà. Òun ló ń há afẹ́fẹ́ tí ìwúkàrà ń tú jáde mọ́, tí búrẹ́dì fi ń wú tí kì í wó. Ìyẹ̀fun tí purotéènì rẹ̀ kéré dára fún bisikíìtì àti kéèkì, ṣùgbọ́n kò lè ṣe búrẹ́dì Agége, èyí tó gbọ́dọ̀ fà lọ́wọ́ kó tó já.

Irú àlìkámà tí àgbẹ̀ bá gbìn náà ń kó ipa. Ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni wọ́n ń gbin àlìkámà pupa ti ìgbà òtútù, wọ́n á sì kórè rẹ̀ ní oṣù kẹfà. Ní North Dakota, oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ni wọ́n ń gbin ti ìgbà ìrúwé, ìkórè á sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni purotéènì rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ jù. 14 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi ń na ọjà rẹ̀, ìdá kan nínú márùn-ún ẹyọ kan ni wọ́n sì fi ń gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká ní àká kan ń fi sẹ́ǹtì 6 kún owó bushel kan (nǹkan bíi kílò 27) fún ìdá kan nínú márùn-ún kọ̀ọ̀kan tó bá ju 14 lọ, tó sì ń yọ sẹ́ǹtì 8 fún èyí tó bá dín. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 14.6 á jèrè sẹ́ǹtì 18. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 13.4 á pàdánù sẹ́ǹtì 24. Lórí 10,000 bushel, ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ dọ́là 4,200. Iye tí wọ́n ń yọ sábà máa ń ju èyí tí wọ́n ń fi kún un lọ, ó sì máa ń dun àgbẹ̀ gan-an.

Ojú ọjọ́ ló wá ń dojú ọ̀rọ̀ náà rú. Ẹni tó bá da iyọ̀ ìwọ̀n kan náà sínú ọbẹ̀ kékeré àti ọbẹ̀ púpọ̀ mọ̀ pé ọbẹ̀ púpọ̀ náà á tẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni náítírójìn inú ilẹ̀, èyí tí àlìkámà fi ń ṣe purotéènì. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa tí ìkórè sì pọ̀, sítáàṣì á kún inú ọkà, purotéènì á sì fọ́nká. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dá, ọkà á kéré, ṣùgbọ́n purotéènì rẹ̀ á pọ̀. Nítorí náà, lọ́dún ọ̀gbẹlẹ̀, purotéènì á wà lọ́wọ́ gbogbo ayé, olùrà kò sì ní fẹ́ san àfikún púpọ̀. Lọ́dún ọ̀pọ̀ yanturu ni yóò wọ́n, ìgbà yẹn gan-an ni ti ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ á sì lọ sílẹ̀. Purotéènì 14.6 tó pawó lọ́dún kan lè má pa kọ́bọ̀ lé lórí lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Àgbẹ̀ lè fi ajílẹ̀ náítírójìn ran ọkà rẹ̀ lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n bá tètè fi sí i ń mú kí ìkórè pọ̀. Èyí tí wọ́n bá fi sí i nígbà tí ṣírí ń yọ òdòdó ń gbé purotéènì ga. Ṣùgbọ́n owó ajílẹ̀ ti jáde lápò kí ẹnikẹ́ni tó mọ àfikún tí ọjà máa san.

Òjò náà tún lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá rọ̀ lé àlìkámà tó ti gbó, ọkà lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí ìdúró, sítáàṣì rẹ̀ á sì máa tú. Búrẹ́dì rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ. Wọ́n ń yẹ èyí wò nípa kíka ìṣẹ́jú àáyá tí ọ̀pá kan fi ń rì nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n pò mọ́ omi, tí wọ́n sì gbé sínú omi híhó. Ọ̀pọ̀ olùrà ń fẹ́ kó tó ìṣẹ́jú àáyá 300. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, purotéènì 15 kò lè gba àgbẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà náà. Ìjọba ibẹ̀ fòfin de kíkó àlìkámà wọlé ní 1987, wọ́n sì fagi lé òfin náà ní 1992. Títí di òní, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wọlé. Àwọn àgbẹ̀ Kánò, Jigawa àti Kebbi ń gbin tiwọn nígbà ọyẹ́, pẹ̀lú ìbomirin. Èrò mi ni pé kíkà á ní àpò nìkan kò tó fún wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gbin àlìkámà tàbí tẹ́ ẹ̀ ń rà á, ẹ bu díẹ̀ láti oko kọ̀ọ̀kan fún àyẹ̀wò, ẹ má da èyí tó dára pọ̀ mọ́ èyí tí kò dára, kí ẹ sì bèèrè iye purotéènì rẹ̀ kí ẹ tó dá iye.