Iṣẹ́ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì: A Kì Í Ti Òkè Gun Igi!

"Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì!" Ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí lọ́jà? Oníbàárà ti ná iṣu tán, ó ti na káàdì sí oní-POS, ẹ̀rọ ń yí, ó ń yí, owó kò wọlé. Láti Èrìjìyàn-Èkìtì dé Àrámọ̀kọ, títí dé Adó, kò sí ìyálọ́jà tí kò mọ ìyà yìí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ kọjá ti ọjà: àwọn wáyà ńlá tó gba ìsàlẹ̀ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ báńkì àti tẹlifóònù ní Nàìjíríà kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí kọ̀ǹpútà kan máa bá èkejì sọ̀rọ̀. Wọ́n ń fa wáyà, wọ́n ń to ẹ̀rọ, wọ́n ń dí ọ̀nà mọ́ olè. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, bí iṣẹ́ bíríkìlà, bí iṣẹ́ àwọn tó ń fa iná sílé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí, ẹ fura o! Bí ìyá bá ta kòkó tán, tí ẹnì kan ní kó kó owó náà wá, pé ọmọ rẹ̀ yóò di ọ̀gá láàárín oṣù méjì, kí ó kọ́kọ́ bi í pé: ipele wo?

Ẹni tó bá ti ṣe ìdánwò tíréèdì tẹ́sìtì mọ̀ pé Grade III ló ṣáájú, kí ó tó kan II, kí ó tó kan I. Bẹ́ẹ̀ náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì rí. Ẹ wo ti Cisco, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí tọkọtaya kan, Leonard Bosack àti Sandra Lerner, dá sílẹ̀ ní 1984.

CCNA ni àtẹ̀gùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò kan ni, wákàtí méjì; dọ́là 300 ni wọ́n ń gbà lẹ́yìn tí wọ́n tún ètò náà ṣe ní 2020. Ẹni tó bá ní in lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹ̀rọ ní ilé ìwé, ọsibítù tàbí báńkì.

CCNP ló tẹ̀ lé e: ìdánwò méjì, fún ẹni tó ti fi bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ṣiṣẹ́.

CCIE, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, ló wà lókè. Lẹ́yìn ìdánwò àkọ́kọ́, èèyàn yóò tún fi wákàtí mẹ́jọ gbáko to ẹ̀rọ, yóò sì tún èyí tó bàjẹ́ ṣe.

Láti 2020, kò sí òfin pé ó di dandan kí èèyàn ní CCNA kó tó lọ sí CCNP. Ibẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́tàn ń gbà wọlé! Ìwé lè dé ọwọ́, kí iṣẹ́ má sí níbẹ̀. Àwọn mìíràn ń ta ìbéèrè ìdánwò. Bí àṣírí bá tú, Cisco lè gba ìwé náà padà. Ọdún mẹ́ta péré sì ni ìwé ẹ̀rí yìí ń lò kí ó tó di pé wọ́n tún un ṣe. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé kọ́ ara ògiri títí ayé.

Kí ni ṣíṣe? Ọ̀fẹ́ ni kí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀. Cisco Networking Academy ní ẹ̀kọ́ Networking Basics tí kò gba kọ́bọ̀, yàtọ̀ sí owó dátà. Packet Tracer, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ń jẹ́ kí ọmọ fi kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ẹ̀rọ púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé gíga, Federal Polytechnic wà ní Adó láti 1982. Ìgbà tí ọwọ́ bá ti mọ iṣẹ́ ni kí ìyá tó tú owó dọ́là sílẹ̀.

Ọmọ tó bá ti ìsàlẹ̀ gun igi yìí kò ní í wá iṣẹ́ tì. Lọ́jọ́ tí gbogbo ọjà bá tún ń pariwo "Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì!", òun ni wọn yóò ránṣẹ́ pè.