Òkúta Aláràbarà ti Tsumeb

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ibi ìwakùsà wo ló jọ mí lójú jù láyé, Tsumeb ní Nàmíbíà ni màá dárúkọ. Bàbà, òjé àti síǹkì ni wọ́n ń wà níbẹ̀ kí wọ́n tó tì í lọ́dún 1996. Ṣùgbọ́n irú òkúta àlùmọ́ọ́nì tó jáde níbẹ̀ ju 300 lọ! Omi àti atẹ́gùn ló fà á: wọ́n rìn jìnnà wọnú àpáta, wọ́n sì sọ bàbà, òjé àti síǹkì ibẹ̀ di òkúta mìíràn. Azurite, ààyò mi nínú àwọn òkúta náà, dà bí àdìrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró. Malachite àti dioptase ní àwọ̀ ewé. Bàbà ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi àwòrán wọn han àwọn ọmọ yín.