Bí Ènìyàn Ṣe Lè Di Olùkọ́ Ẹ̀kọ́ Ìbálòpọ̀

Ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ kọjá àlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin, nítorí pé ìyípadà ara nígbà ìbàlágà, nǹkan oṣù, ìfètòsọ́mọbíbí, àwọn àrùn tí ìbálòpọ̀ ń tàn kálẹ̀ àti ẹ̀tọ́ ọmọdé láti kọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án lọ́nà àìtọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀kọ́ yìí jẹun ní Onípánù, ní Ṣómólú tàbí ní Bàrígà ní Èkó kò lè retí kí wọ́n polówó iṣẹ́ lábẹ́ orúkọ rẹ̀, nítorí inú iṣẹ́ mìíràn ni àwọn tó ń ṣe é ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe wọ ilé-ìwé ló fà á. Ní ọdún 1989, Nike Esiet àti Uwem Esiet, tó jẹ́ dókítà, dá Action Health Incorporated sílẹ̀, àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Jíbòwú, tí kò jìnnà sí Onípánù lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Àjọ yìí wà lára àwọn tó ṣe ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ fún Nàìjíríà, tó jáde ní 1996, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ sì fọwọ́ sí i ní 1999 pé kí ẹ̀kọ́ náà wọ ilé-ìwé. Nígbà tí Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ìpele àkọ́kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní 2003, kò dá dúró. Ńṣe ni wọ́n pín in mọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, lábẹ́ orúkọ ẹ̀kọ́ ìgbé-ayé ẹbí àti HIV.

Nítorí náà, ọ̀nà tó dájú jù ni kí ènìyàn kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tàbí ti ìlera. Yunifásítì Èkó ní Akọ́kà, lẹ́bàá Bàrígà, ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìlera, ẹni tó bá sì fẹ́ di olùkọ́ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe àkóso iṣẹ́ náà. Nọ́ọ̀sì pàápàá lè gba ọ̀nà tirẹ̀ wọlé: nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni Grace Delano, ọ̀kan lára àwọn tó dá ARFH, àjọ tó ń rí sí ìlera ìbímọ àti ti ẹbí, sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1989.

Ìwé ẹ̀rí nìkan kò tó, nítorí ìdáhùn sí ìbéèrè ni iṣẹ́ gan-an. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ a máa gbé àpótí kan kalẹ̀, kí àwọn ọmọ lè ju ìbéèrè tí wọn kò kọ orúkọ sí sínú rẹ̀, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni. Bí ìwé pélébé kan bá béèrè bóyá àrùn ni kí nǹkan oṣù wá lóṣù kan kí ó sì fo èkejì, olùkọ́ yóò ṣàlàyé pé ó wọ́pọ̀ kí ó máa ṣe ségesège ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, láì wàásù, láì sì wádìí ẹni tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá sọ fún un pé wọ́n fipá bá òun lò pọ̀, kò gbọdọ̀ dá a gbé. Yóò fi tó àwọn aláṣẹ létí, yóò sì darí ọmọ náà sí ibi bíi Mirabel Centre, ibùdó ìtọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, tí wọ́n ṣí ní 2013 nínú ọgbà LASUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkẹjà, níbi tí ìtọ́jú ti jẹ́ ọ̀fẹ́.

Iṣẹ́ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní 2022, Adamu Adamu, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ kúrò nínú ìlànà ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀; àwọn àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba sì sábà máa ń gbára lé owó olùrànlọ́wọ́, tó jẹ́ pé bí iṣẹ́ àkànṣe bá parí, owó oṣù lè bá a parí. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, nọ́ọ̀sì tàbí olùdámọ̀ràn tó fi ẹ̀kọ́ yìí kún iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ bí ìjọba bá tilẹ̀ yí ohùn padà, ọmọ tó ní ìbéèrè yóò sì mọ ibi tó ti lè rí i.