Ta Ló Lékè Omi Báyìí?

Kò sí ẹni tí kò ṣe àmín rí nínú wa nígbà tí àwọn òbí wa bá ń ṣàdúrà pé kí á lékè bí ojú oró ṣe ń lékè omi, bí òṣíbàtà ṣe ń lékè odò. Ṣùgbọ́n àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà sí ìdálẹ̀, mélòó nínú wa ló lè dá ojú oró mọ̀?

Ní ọjọ́ kan tí a lọ sí etí odò Ọya, a rí ewéko tútù yọ̀yọ̀ tí ó bo omi lọ súà, òdòdó rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ àlùkò. A nawọ́ sí i, a ní, "Ojú oró rèé!" Bàbá apẹja kan, ará Ìlàjẹ, tí ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú oró kọ́ nìyẹn o. Ìyẹn ló lé ojú oró lọ."

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ló mú wa wádìí. Water hyacinth ni wọ́n ń pe ewéko náà. Agbègbè odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ẹwà òdòdó rẹ̀ ló wọ àwọn ènìyàn lójú tí wọ́n fi gbé e káàkiri ayé. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, ní odò Àgbádárìgì. Omi ló gbé e wá láti ìhà Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin.

Kí ló dé tí ó fi ń borí àwọn tí ó bá nílé? Èkíní, ó yára pọ̀ sí i. Ó máa ń na ẹ̀ka sórí omi, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan a sì di ewéko tuntun. Níbi tí omi bá ti bá a lára mu, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Èso rẹ̀ sì lè wà nínú ẹrẹ̀ fún ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó hù.

Èkejì, ó ga ju ojú oró àti òṣíbàtà lọ, ó ń ṣíji bò wọ́n. Oòrùn kò ní dé ọ̀dọ̀ àwọn ewéko tí ó wà nísàlẹ̀ omi, wọn a sì kú. Bí wọ́n bá ń jẹrà, wọn a gba afẹ́fẹ́ inú omi tí ẹja ń mí. Ọkọ̀ kò ní lè kọjá, àwọ̀n kò sì ní ṣeé dà.

Ẹ̀kẹta, àwa fúnra wa ni a ń bọ́ ọ. Ìdọ̀tí ilé àti ajílẹ̀ oko tí òjò ń wọ́ lọ sínú odò ni oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù. Àwa náà kúkú jẹ́ àlejò níbi tí a ti ń kàwé yìí, nítorí náà kì í ṣe jíjẹ́ àlejò ni a fi ń bá a wí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ó fi àwọn kòkòrò tí ń jẹ ẹ́ sílẹ̀ nílé. Kò sí ẹni tí yóò kó o ní ìjánu níbí.

Báwo wá ni a ṣe lè kápá rẹ̀? Bí a bá ń fi ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ kó o, ó wúwo púpọ̀, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí ó bá sì ṣẹ́ kù yóò tún gbilẹ̀. Oògùn apakoríko lè pa á, ṣùgbọ́n inú omi tí àwọn kan ń mu ni a ń fín in sí. Ní ọ̀sà Èkó, iyọ̀ òkun máa ń pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n bí òjò bá dé, odò a tún gbé òmíràn wá.

Ọ̀nà kan wà tí ó fẹ́ sùúrù. Láti ọdún 1991, àjọ IITA, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, àti àwọn ará Benin tú kòkòrò kékeré tí wọ́n ń pè ní Neochetina sí odò ibẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkòrò yìí náà ti wá. Wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò bóyá yóò ba ohun ọ̀gbìn mìíràn jẹ́. Òun a máa jẹ ewé, ìdin rẹ̀ a sì máa gbẹ́ inú igi ewé náà títí omi yóò fi wọ ibẹ̀, tí yóò jẹrà tí yóò sì rì. Kò pa á run tán, ṣùgbọ́n láàárín ọdún díẹ̀ ó dín in kù gan-an. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2003 fi hàn pé nígbà tí ewéko náà gbilẹ̀ jù ní gúúsù Benin, ó ń dín owó tí ń wọlé fún àwọn ará ibẹ̀ kù ní nǹkan bí mílíọ̀nù 84 dọ́là lọ́dún. Nígbà tí kòkòrò dín in kù, owó tí ń wọlé fún wọn fi nǹkan bí mílíọ̀nù 30 dọ́là lé sí i lọ́dún.

Ipa tiwa ńkọ́? Ẹ má ṣe torí òdòdó gbé e lọ sílé tàbí sínú adágún ẹja. Bí ẹ bá rí i níbi tí kò tíì pọ̀, ẹ fà á tu kí ó tó tanná, kí ẹ sì sá a sórí ilẹ̀ tí ó jìnnà sí omi. Ẹ má da ìdọ̀tí sódò. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Kí ojú oró padà lékè omi, kí òṣíbàtà padà lékè odò, kí àwa náà sì mọ ohun tí a ń ṣe àmín sí. Àmín o.