Bàálù wà nílẹ̀, awakọ̀ ni kò sí

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, Ryanair, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ará ilẹ̀ Ireland, kéde pé òun yóò fagi lé ìrìn àjò 40 sí 50 lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Bàálù kò bàjẹ́, epo kò wọ́n, ìjì kò sì jà. Bàálù wà nílẹ̀, èrò ti sanwó, awakọ̀ tí yóò gbé wọn ni kò sí. Ìrìn àjò bíi 2,100 ló bá ọ̀rọ̀ náà lọ, èrò tó kàn sì tó 315,000. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n tún gbé ìkéde kejì jáde: ìrìn àjò 18,000 mìíràn kò ní wáyé láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ọdún 2018. Èyí tún kan èrò 400,000.

Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kékeré la ń sọ yìí o. Ní ọdún yẹn, èrò tí Ryanair ń gbé lọ́dún kan ti ju 100 mílíọ̀nù lọ, awakọ̀ rẹ̀ sì lé ní 4,000. Ọgbọ́n tó fi ń ta tiketi lówó pọ́ọ́kú kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn onítáksì ojú ọ̀nà Kútọnu sí Àjàṣẹ́ ti mọ̀ tipẹ́: ọkọ̀ tó bá dúró kì í pawó. Bàálù yóò balẹ̀, èrò yóò sọ̀, èrò mìíràn yóò wọlé, kí ìdajì wákàtí tó pé ó ti tún gbéra.

Ibi tí bàálù ti yàtọ̀ sí táksì ni ara ẹni tó ń wà á. Dẹ́rẹ́bà tó ti Parakou ń bọ̀ lóru lè bomi sójú, kó jẹ obì, kó máa bá ọ̀nà lọ. Gbogbo wa la ti wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, a sì mọ ibi tí àwọn kan parí ìrìn wọn sí lẹ́bàá ọ̀nà. Ní ojú òfurufú Yúróòpù, òfin kò gba bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ 28, awakọ̀ kan kò gbọdọ̀ fò ju wákàtí 100 lọ. Láàárín ọdún kan, kò gbọdọ̀ ju 900 lọ. Tó bá parí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ nílùú tó ń gbé, ó gbọ́dọ̀ sinmi fún wákàtí 12 ó kéré tán kó tó tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Bó tilẹ̀ ń pariwo pé ara òun le, tí iye wákàtí náà bá ti pé, ó ti pé nìyẹn.

Nítorí náà, ní gbogbo ilé-iṣẹ́ bàálù, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ṣe ìwé ìpín-iṣẹ́ lọ: ta ni yóò fò lọ́la, ta ni yóò sinmi, ta ni wákàtí rẹ̀ ti fẹ́ pé. Ẹ wò ó bí ìwé ìyá alájọ tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn, tí kò gbọdọ̀ ṣi ẹni tó kàn mú. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi àwọn awakọ̀ kan pamọ́ sílé, tí wọn yóò kàn jókòó pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, bóyá ẹnì kan yóò ṣàìsàn. Owó ni wọ́n ń gbà bí wọn kò tilẹ̀ fò, ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣọ́ owó ná kì í fẹ́ kí wọ́n pọ̀.

Kí ló wá da ìwé Ryanair rú? Michael O'Leary, ọ̀gá àgbà wọn, ṣàlàyé ti ẹnu rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, oṣù kẹrin ni ọdún ìsinmi, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wa ń pè ní congé, máa ń bẹ̀rẹ̀ fún awakọ̀ wọn, yóò sì parí ní oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ Ireland wá ní kí wọ́n máa kà á láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018. Ìyẹn ni pé ìsinmi oṣù 12 ní láti wọnú oṣù 9 péré. Wọ́n fẹ́ kí ọwọ́ pọ̀ nígbà ooru tí èrò ń wọ́, wọ́n sì kó ìsinmi tó pọ̀ jù sí oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Ìgbà tí oṣù wọ̀, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọn kò rí ẹni tó kù. O'Leary gbà ní gbangba pé àwọn ló fọwọ́ ara àwọn bà á jẹ́.

Àwọn awakọ̀ ní ti wọn sọ pé èyí kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní àwọn èèyàn ń kúrò. Ilé-iṣẹ́ Norwegian sọ ọ́ síta nígbà yẹn pé awakọ̀ Ryanair 140 ti wá sọ́dọ̀ òun lọ́dún 2017 nìkan. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ lára awakọ̀ Ryanair kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀ gan-an: alágbàṣe ni wọ́n, ẹlòmíràn ló fi wọ́n síṣẹ́, wákàtí tí wọ́n bá fò nìkan ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá wà nírú ipò bẹ́ẹ̀, tó rí ibi tí wọn yóò ti gbà á síṣẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kò ní pẹ́ kó tó di ẹrù rẹ̀.

Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ ló wúwo jù. Tó bá jẹ́ ìsinmi oṣù kẹsàn-án nìkan ló fa wàhálà, kí ló dé tí wọ́n tún fi ní láti gbé bàálù 25 jókòó ní gbogbo ìgbà òtútù, títí di oṣù kẹta? Ilé tó ní igi tó pọ̀ lábẹ́ òrùlé kì í wó nítorí pé òpó kan yẹ̀.

Ryanair kọ́kọ́ fi owó bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ọ̀gá awakọ̀ tó bá jọ̀wọ́ ọjọ́ 10 nínú ìsinmi rẹ̀ yóò gba 12,000 yúrò, owó tó súnmọ́ mílíọ̀nù mẹ́jọ fránkì CFA. Igbákejì awakọ̀ yóò gba ìdajì. Ọ̀pọ̀ ní ọ̀nà wa níbí yóò ti na ọwọ́ gbà á kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu oníṣẹ́. Àmọ́ àwọn awakọ̀ kọ̀ ọ́. Láti ibùdó kan dé òmíràn, wọ́n ń kọ̀wé síra wọn pé kí ẹnikẹ́ni má dá gbà. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni ìwé iṣẹ́ tòótọ́, àti kí a máa bá wọn sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí wọ́n rí i pé ọwọ́ àwọn ni ọ̀bẹ wà.

Ní oṣù kẹwàá, O'Leary kọ lẹ́tà sí wọn, ó tọrọ àforíjì, ó ṣèlérí owó oṣù tó ga sí i, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lọ síbi tí owó kò ti fìdí múlẹ̀. Kò mú wọn. Nígbà tó di oṣù kejìlá, àwọn awakọ̀ ní ilẹ̀ bíi Ítálì àti Ireland ń mọ́ra láti daṣẹ́ sílẹ̀ kí Kérésìmesì tó dé. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, Ryanair kéde pé òun yóò gba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn awakọ̀ wọlé, ohun tí kò ṣe rí láti ọdún 32. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 22, awakọ̀ ilẹ̀ Jámánì daṣẹ́ sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, ìdaṣẹ́sílẹ̀ awakọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìtàn ilé-iṣẹ́ náà.

Ẹnì kan lè bi wá pé, ṣé wọn kò lè gba awakọ̀ mìíràn ni? Wọ́n ń gbà wọ́n. Wọ́n tilẹ̀ ń retí àwọn tí ilé-iṣẹ́ wọn wó lọ́dún yẹn, bíi Monarch ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kógbá wọlé ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá. Ṣùgbọ́n awakọ̀ bàálù kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tí ẹ lè mú ní ọjà lónìí kó jókòó sídìí ẹ̀rọ lọ́la. Yóò lọ ilé-ẹ̀kọ́ fún bí ọdún méjì, owó rẹ̀ sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ fi ń jẹ gbèsè. Lẹ́yìn ìwé àṣẹ, ó tún gbọ́dọ̀ kọ́ irú bàálù tí yóò wà gan-an, nínú ẹ̀rọ kan tó ń mì tó sì ń dún bí bàálù ṣùgbọ́n tí kì í kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gá kan yóò jókòó tì í lójú òfurufú títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Kó tó lè di ọ̀gá awakọ̀, ó gbọ́dọ̀ ti fò tó wákàtí 1,500. Àwọn tó wà lókè sì ń lọ: lágbàáyé, ẹni tó bá ti pé ọdún 65 kò gbọdọ̀ wa bàálù akérò láti ilẹ̀ kan sí òmíràn mọ́.

Ní Amẹ́ríkà, wákàtí 1,500 yìí ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ igbákejì awakọ̀ pàápàá, àwọn díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù fún. Òfin náà jáde lẹ́yìn tí bàálù Colgan kan já lulẹ̀ nítòsí Buffalo ní oṣù kejì ọdún 2009, tó pa èèyàn 50. Àwọn oníléeṣẹ́ ń ráhùn pé òun ló ń mú kí awakọ̀ wọ́n. Àwọn ìdílé àwọn tó kú kò gbà kí wọ́n dín in kù.

Àwọn èrò ńkọ́? Òfin 261 tí àwọn ilẹ̀ Yúróòpù ṣe lọ́dún 2004 sọ pé bí ilé-iṣẹ́ bá fagi lé ìrìn àjò, èrò ló ni ẹ̀tọ́ láti yàn: owó tiketi rẹ̀ padà, tàbí kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn gbé e débi tó ń lọ. Tí wọn kò bá sọ fún un tó ọjọ́ 14 ṣáájú, owó gbà-má-bínú tún wà lórí rẹ̀, láti 250 yúrò dé 600. Ẹ ó rí i pé ìkéde kejì ti Ryanair jáde ní oṣù kẹsàn-án nítorí ìrìn àjò oṣù kọkànlá síwájú: ọjọ́ 14 ti kọjá dáadáa, gbà-má-bínú kò sí níbẹ̀. Àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ní láti halẹ̀ mọ́ wọn kí wọ́n tó sọ ọ́ kedere fún èrò pé wọ́n lè gbé wọn sínú bàálù ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Ilé-iṣẹ́ kò ní láti san gbà-má-bínú bí ohun tó ṣẹlẹ̀ bá ju agbára rẹ̀ lọ, bí ìjì líle. Ǹjẹ́ àìsí awakọ̀ wà lára ìyẹn? Ẹ gbọ́ ẹjọ́ kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 2019, bàálù TAP ti ilẹ̀ Potogí fẹ́ gbéra láti Stuttgart lọ sí Lisbon. Wọ́n bá igbákejì awakọ̀ ní òkú lórí ibùsùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ọkàn àwọn tó kù dàrú, wọn kò lè fò mọ́. Ta ni yóò bínú sí ilé-iṣẹ́ nítorí èyí? Síbẹ̀, ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ gíga Yúróòpù dájọ́ pé kí wọ́n san owó náà: kí òṣìṣẹ́ ṣàìsàn tàbí kí ó kú wà lára ohun tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún. Ìdájọ́ náà le, àmọ́ a gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Èyí kan àwọn oníṣòwò wa tó ń gba Paris tàbí Brussels kọjá. Láti Kútọnu lọ sí Yúróòpù, òfin náà bo yín tó bá jẹ́ bàálù ilé-iṣẹ́ Yúróòpù lẹ wọ̀, bíi Air France tàbí Brussels Airlines. Tó bá jẹ́ Royal Air Maroc lẹ bá lọ, kò bo yín ní àlọ. Ní àbọ̀, tí ẹ bá gbéra láti Paris, ó bo yín. ASKY láti Lomé sí Kútọnu kò sí nínú rẹ̀ rárá. Nítorí bí ọ̀nà Kútọnu ṣe jìn sí, 600 yúrò ló kàn, ìyẹn 393,574 fránkì CFA. Ẹ tọ́jú tiketi àti ìwé ìwọlé bàálù, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi fagi lé e fún yín, kí ẹ sì kọ̀wé béèrè fúnra yín, nítorí wọn kì í sábà kọ́kọ́ pè yín. Tí wọ́n bá na ìwé ìrìn àjò ọjọ́ mìíràn sí yín dípò owó, ẹ lè kọ̀ ọ́.